Ọ̀rá Mẹ́tàdínláàádọ́ta

"Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, Àǹtí," ni Viliami wí. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ara tábìlì, ó sì káwọ́ gbera.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kà á."

"Kó kúkú di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Owó oṣù kan náà ni wọ́n á san fún yín."

Ngaire kà á. Ó ń mú ọ̀rá náà níkọ̀ọ̀kan nínú páálí, ó ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì ń fọwọ́ nà án kí méjì má baà lẹ̀ pọ̀ kó pè wọ́n ní ẹyọ kan. Ọ̀rá búlúù ni wọ́n, wọ́n fẹ́lẹ́ débi pé èémí èèyàn lè gbé wọn nílẹ̀. Nígbà tó kà á tán, mẹ́tàdínláàádọ́ta náà ni. Ìwé iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì sọ pé ìpele aṣọ káábọ̀n méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú apá ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n yọ jáde nínú ààrò láàárọ̀ yẹn.

Aṣọ káábọ̀n tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ náà, aṣọ dúdú tí oje rẹ́sìn inú rẹ̀ máa ń le bí irin nínú ààrò, ọ̀rá kan ló máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ìpele kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Bí èèyàn bá ti tẹ́ ìpele kan sínú móòdù tó ń fún iṣẹ́ náà ní ìrísí, á bó ọ̀rá rẹ̀ kúrò, á sọ ọ́ sínú páálí, kó tó tẹ́ òmíràn lé e lórí. Ìpele kan, ọ̀rá kan. Bí ọ̀rá kan kò bá sí nínú páálí, ó wà níbòmíràn nìyẹn, ibòmíràn tó sì burú jù ni inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, níbi tí aṣọ méjì tó yẹ kó di ara kan á kàn sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìmọra. Ojú kò lè rí i. Iṣẹ́ náà á máa dán bí èyí tí kò lábùkù, títí di ọjọ́ tí òkun bá fà á.

"Mo ti tú àpò ìdọ̀tí," ni Viliami wí. "Mo ti wo abẹ́ gbogbo tábìlì. Mo wo ìdí bàtà mi. Tiyín ńkọ́?"

"Mo ti wò ó."

"Inú ṣòkòtò yín?"

"Viliami."

"Mo kàn ń bèèrè ni, Àǹtí." Ará Tonga ni Viliami, géńdé ọkùnrin tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, kì í sì í dákẹ́ pẹ́.

Ohun tó dun Ngaire jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé òfin ọ̀rá kíkà wọ ilé iṣẹ́ yìí, ní bèbè odò Hátéà ní Whangārei, láti ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Kà á kó o tó dé e: òun ló kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti lọ máa kan ọkọ̀ olówó ńlá ní Auckland ṣì máa ń sín in jẹ bí wọ́n bá pàdé nílé ọtí: wọ́n á rán imú, wọ́n á ní, "Mélòó?" Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí i kó gbàgbé rí, àfi lánàá.

Lánàá, nígbà tí aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún, aládùúgbò rẹ̀ kan pè é. Ó ní ìyá Ngaire, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, wà ní títì pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn àti àpamọ́wọ́, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì tí kò gba ibẹ̀ mọ́ láti ọgbọ̀n ọdún. Ngaire fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wakọ̀ lọ sílé. Ó bẹ ìyá, ó fa ìyá, ó fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó po tíì fún un. Nígbà tó padà dé, aago mẹ́rin ti kọjá, ààrò sì gbọ́dọ̀ tàn kó tó di ààbọ̀, nítorí gbogbo òru ni iṣẹ́ yẹn fi ń jinná. Ó wo ìwé, ó rí àmì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìpele. Ó dé àpò ọ̀rá ńlá bo iṣẹ́ náà, ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó tì í sínú ààrò. Kì í ṣe pé ó rò pé òun ti ka ọ̀rá. Kò rò ó rárá. Láti oṣù kẹjọ ni igbe ìyá rẹ̀ lóru kò ti jẹ́ kó sun oorun wákàtí méjì pọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ó sì ń pe àárẹ̀ yẹn ní ọjọ́ orí.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ oníbàárà kan lásán ni, á ti tẹ̀ ẹ́ láago, á bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n apá iwájú ọkọ̀ àjẹ̀ ẹgbẹ́ atukọ̀ Atareta ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Apá méjì bẹ́ẹ̀ ló so ọkọ̀ elérò mẹ́fà pọ̀ mọ́ ama, ìyẹn igi ìléfòó tó ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà dojú dé. Bí ọ̀kan bá dá lójú agbami, gbogbo wọn ti bọ́ sómi nìyẹn. Ìdíje ńlá ọdún náà jẹ́ ọjọ́ Sátidé, láti èbúté dé erékùṣù kan àti padà, ẹgbẹ́ méjì tó bá sì ṣíwájú ló ń lọ díje ní Tahiti. Ọjọ́bọ̀ lòní. Nínú oṣù kẹta, Atareta ń kó lọ sí Perth, níbi tí wọ́n ti fún un níṣẹ́ ní ibùdó ìwakùsà. Kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde pé ìdíje yìí lèyí tó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kópa nínú ẹ̀ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Atareta gbé àfọ́kù apá àtijọ́ wá, tó jù ú sórí tábìlì yìí kan náà. Selwyn tó ni ilé iṣẹ́ jókòó, Ngaire jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí bí wọ́n ṣe máa ṣe tuntun.

"Aṣọ gbígbẹ," ni Selwyn wí, "ká fi búrọ́ọ̀ṣì kun rẹ́sìn sí i. Ọjọ́ kan péré, ó parí."

"Búrọ́ọ̀ṣì kì í pín nǹkan dọ́gba. Ibì kan á mu rẹ́sìn yó, òùngbẹ á máa gbẹ ibòmíràn. Gbogbo ibi tó bá mu yó yẹn, ẹrù ni wọ́n ń rù kiri."

"Ó dáa, ká tẹ́ aṣọ gbígbẹ, ká fi ẹ̀rọ fa rẹ́sìn wọ inú ẹ̀."

"Fún ara ọkọ̀, mo gbà, torí ó fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Ṣùgbọ́n wo apá yìí, wo bó ṣe tẹ̀ bí orúnkún. Ibi tó tẹ̀ yẹn ló nípọn jù, ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ máa ń sá pamọ́ sí. Èyí tó wà nínú fíríìsà ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n ti wọn rẹ́sìn sí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, tó jẹ́ pé iná ló kù tó ń sọ ọ́ di líle. Ọmọ mi ló máa jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Selwyn mí kanlẹ̀, nítorí èyí tó wọ́n jù nílé ló ń wí. Àmọ́ ó gbà. Nígbà náà ni Atareta náà sọ tirẹ̀.

"Màámi, oríṣi káábọ̀n kan wà tó le jù gbogbo ìyókù lọ. Òun làwọn ará Tauranga lò. Ọkọ̀ wọn ò mì rárá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ò ní kìlọ̀ fún ẹ. Á dúró gan-an-ran, ìwọ náà á sì máa yangàn, títí á fi dá pátá lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí mo fẹ́ lò á kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, á dún. Ẹ máa gbọ́ ọ."

"A ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan, Màámi. A fẹ́ borí ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ngaire ṣe é bó ṣe fẹ́: èyí tó pọ̀ jù nínú okùn aṣọ náà nà gbọọrọ láti ìdí dé orí, kó lè gbé ẹrù, òmíràn dábùú wọn níbùú, kí ìgbì má baà lọ́ ọ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ìpele méjìdínláàádọ́ta ni. Ọ̀nà tó dáa jù ni, irinṣẹ́ tó dáa jù ni, ọwọ́ tó sì dáa jù nílé iṣẹ́ náà ló ṣe é.

Selwyn wọlé báyìí pẹ̀lú ife tíì méjì. Viliami ti sọ fún un níta. Ó gbé ife kan síwájú Ngaire, ó yọ owó ẹyọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi kan apá ọkọ̀ náà láti òpin kan dé èkejì, ó tẹ́ etí sí i. Ohùn kan náà ló ń dún títí ó fi kan án tán.

"Ó dún dáadáa," ló wí.

"Èyí tó wà lókè lo gbọ́. Níbi orúnkún yẹn, owó ẹyọ ò lè gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀."

"Mo ti pe ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ní Auckland. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló lè débí."

"Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje."

"Mo mọ ọjọ́ tó jẹ́." Selwyn jókòó sórí àga. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, eékún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Ngaire, gbọ́ mi. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ ni. Ó máa ń fò. Ó lè ti bá afẹ́fẹ́ jáde gba ẹnu ọ̀nà lọ nígbà tó o sáré jáde lánàá, ó ti lè wà lójú odò báyìí. Nínú ìgbà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni kò ní sí níbẹ̀."

"Ìkẹwàá ńkọ́?"

"Kì í ṣe ọkọ̀ òfurufú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìjókòó mẹ́fà péré ló ní."

Selwyn fọwọ́ pa ojú. "Èyí tó kù nínú fíríìsà kò tó ìdajì òmíràn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni tuntun máa gbà kó tó dé. Ká wá fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é lónìí?"

"Rẹ́sìn yẹn ò ní tíì le tán ní Sátidé. Àti pé ọwọ́ tó gbàgbé lánàá náà ló máa ṣe é." Selwyn fi owó ẹyọ náà padà sápò.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé yẹn," ló wí níkẹyìn. "Ohun tó o bá sọ, òun la ó ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹ sọ ọ́ fún ọmọ ẹ."

Kò pé wákàtí kan tí Atareta fi dé. Ó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé pẹ̀lú páì ẹran mẹ́ta nínú àpò bébà, ó pín in fún wọn, ó ki Viliami, ó sì lọ tààrà síbi apá ọkọ̀ náà. Ó fi ọwọ́ kan gbé e. Ẹnu yà á.

"Màámi. Ẹ wo bó ṣe fúyẹ́."

"Gbé e sílẹ̀, Ata. Wá jókòó."

"Àwọn tó kù ń dúró dè mí, a fẹ́ dè é mọ́ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó..."

"Mo ní kó o jókòó."

Ó jókòó. Ngaire sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́: ìpè aládùúgbò, aago mẹ́rin tó kọjá, ọ̀rá tó yẹ kó kà tí kò kà. Viliami mú páì rẹ̀, ó jáde lọ jẹ ẹ́ níta.

"Nítorí náà, ẹ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ni Atareta wí.

"Mi ò mọ̀ pé kò sí níbẹ̀."

"Èmi ni mo máa jókòó sídìí ọkọ̀, èmi ni mo máa darí ẹ̀. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Màá fọwọ́ sí ìwé."

"Ìwé ò ní gbé ẹ léfòó. Àwọn márùn-ún yòókù náà ńkọ́? Ṣé o ti bi wọ́n?"

"Wọ́n á gbà."

"Wọ́n á gbà torí pé ìwọ lo bèèrè. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́."

Atareta dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ọdún mẹ́fà, Màámi. Láago márùn-ún ìdájí, nínú òtútù, ọdún mẹ́fà. Ọkọ̀ àyálò ló kù fún wa báyìí, ti àwọn ará Dargaville, èyí tó wúwo bí ilé. Ipò kẹjọ la máa ṣe. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé, àwa la máa jìyà ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ má sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún yín lóṣù kọkànlá pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú arúgbó wá wo Ìyá Àgbà. Ẹ ní apá yín ká a. Gbogbo nǹkan lapá yín ń ká. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ bá yín ṣe é. Ẹ wá wo ara yín."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ngaire dé egungun, nítorí kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Atareta mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Apá náà wà lórí tábìlì, ó ń dán. Ngaire mọ̀ pé bó bá fi lè wà bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, ẹnì kan á wá gbé e. Atareta lè wá, Selwyn lè ṣàánú rẹ̀ kó gbé e fún un, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ jí lóru sí igbe ìyá rẹ̀, kó jókòó sí kíṣíìnì, kó sì máa wá ìdí tí ọ̀rá kan kò fi já mọ́ nǹkan. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló bà á lẹ́rù jù. Ó wọ ìbojú, ó tan ayùn.

Ó gé e sí ègé tín-tìn-tín bí ẹni ń gé búrẹ́dì, láti ìdí dé orí. Viliami ń gba ègé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, nítorí ègé tí ọ̀rá bá wà nínú rẹ̀ á là sí méjì lójú ẹsẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kò là. Èyí tó tẹ̀ lé e kò là. Nígbà tí wọ́n dé ibi orúnkún, Ngaire dá ayùn dúró, ó wo ègé náà fúnra rẹ̀ lójú fèrèsé: dúdú ni látòkè délẹ̀, àwọn ìpele rẹ̀ mọ́ra wọn, kò sí ihò, kò sí ìlà kankan. Wọ́n gé e tán pátá. Kò sí ọ̀rá níbẹ̀.

Viliami jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ègé náà.

"Àǹtí," ló wí nígbà tó yá, "ọ̀rá pọ̀ nílé iṣẹ́ yìí. Mo lè mú ẹyọ kan, ká sọ pé a rí i níbi orúnkún. Ta ló máa mọ̀? Ọkàn Ata á balẹ̀, á mọ̀ pé ẹ gbà á lọ́wọ́ ikú ni. Ọkàn tiyín náà á balẹ̀."

Kì í ṣe pé kò wu Ngaire. Ó wù ú gan-an. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe máa rí: ọmọ rẹ̀ á dì mọ́ ọn, á sunkún, á ní òun bú u láìtọ́. Ó ronú lé e títí ayùn fi tutù. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wẹ eruku dúdú kúrò lára, ó pe aládùúgbò rẹ̀ kó bá òun mójú tó ìyá di aago méje. Ó tún pe nọ́ńbà kan tó ti wà lára fíríìjì rẹ̀ nílé láti oṣù kọkànlá, tó ti há sórí tipẹ́. Ìyẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

Òòrùn ṣì wà lókè nígbà tó dé bèbè odò, níbi tí ẹgbẹ́ náà ń tọ́jú ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ àyálò ti dé, ó gùn, ó wúwo, apá rẹ̀ méjèèjì jẹ́ igi, ẹlòmíràn sì ti fi ọ̀dà kùn ún láìdára. Atareta nìkan ló kù, ó kúnlẹ̀ sínú koríko, ó ń fi rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà ọkọ̀ de apá igi mọ́ ara ọkọ̀. Kò wo òkè.

"Ṣé ẹ rí i?" ló bèèrè.

"Rárá. Mo gé gbogbo ẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

Ọwọ́ Atareta dúró. "Gbogbo ẹ̀?"

"Látìdí dórí."

"Ó dáa nígbà yẹn."

"Ó dáa gan-an. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò tíì ṣe èyí tó dáa tó o."

Atareta jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó wo odò, omijé ń bọ́, kò sì nù ún. "Ẹ ì bá ti sọ pé ẹ rí i," ló wí. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó bá parọ́, ó gbọ́dọ̀ rántí ẹ̀ títí. Mi ò fọkàn tán ohun tí mò ń rántí mọ́, Ata." Ngaire kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì apá igi náà. "Mo ti pe àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá wo Ìyá Àgbà."

Atareta ju rọ́bà kan sí i.

Ngaire fà á le, ó yí i po apá igi àti etí ọkọ̀, bó ṣe máa ń ṣe é láti kékeré lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó ta kókó rẹ̀ sábẹ́. Atareta wá síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ìka méjì yẹ kókó náà wò, ó mì í, ó rò ó díẹ̀, ó sì tú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tún un dè látìbẹ̀rẹ̀. Ngaire di apá igi náà mú fún un, ó jẹ́ kó tún un dè.